Ọ̀wẹ̀ Àna ní Ihò Yangí

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹwàá ọdún 1969, nígbà tí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù tán ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Òde-Ayé, ni Olúsànyà kọ́kọ́ fi ojú kan Aníwúrà, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ibẹ̀. Ẹrẹ̀ ti mu ọmọbìnrin náà dé orúnkún nígbà náà.

Òjò àná ti sọ ìsàlẹ̀ ihò yangí tí ó wà lẹ́yìn ìlú di àbàtà pupa. Ní àárín àbàtà yìí ni Aníwúrà dúró sí, ó ru abọ́ ńlá kan tí ó kún fún amọ̀ tí ó wá bù fún iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di abọ́ náà mú, ó fi èkejì gbá aṣọ rẹ̀ mọ́ itan, kò sì lè gbé ẹsẹ̀ kankan. Kò kígbe. Ṣe ni ó ń bá ẹrẹ̀ náà wí, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń bá ọmọ alágídí wí.

“Mo ti ní kí o fi mí sílẹ̀,” ni ó ń sọ. “Àwọn ọmọ mi ń dúró dè mí. Bí wọ́n bá tú kíláàsì náà ká, ọ̀dọ̀ rẹ ni n óò ní kí Ọ̀gá Àgbà wá.”

Olúsànyà wà ní bèbè ihò náà, nínú ṣòkòtò kaki tí a lọ̀ tí ó gún régé àti ìbọ̀sẹ̀ funfun tí ó gùn dé orúnkún. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ìjẹ̀bú-Igbó ni, iṣẹ́ ọ̀gbìn ni ó kọ́, ọ́fíìsì Agíríìkì ní Òkìtìpupa ni ó sì ti wá. Bí ó ti rí ọmọbìnrin náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀.

“Ẹ má wá síbí, sà,” ni Aníwúrà wí.

“Ẹ fọkàn balẹ̀. Iṣẹ́ ilẹ̀ ni iṣẹ́ mi.”

Kò pẹ́ tí ó sọ ọ̀rọ̀ yìí tí ilẹ̀ fi gbà á lẹ́sẹ̀. Ó fa ọ̀tún, òsì wọlé sí i; ó fa òsì, ọ̀tún rì. Aníwúrà wò ó láti orí dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kù sí.

“Ẹ káàbọ̀,” ni ó wí. “Ó ti dára báyìí. Àwa méjèèjì ni yóò máa dúró de ẹnì kẹta.”

Ẹ̀rín pa Olúsànyà. Ó tú okùn bàtà rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó fa ẹsẹ̀ yọ, ó sì na ọwọ́ sí i. Wọ́n ń fa ara wọn lọ, wọ́n ń fa ara wọn bọ̀, títí wọ́n fi dé ilẹ̀ gbígbẹ. Bàtà ọ̀tún Olúsànyà kò bá wọn jáde. Ìbọ̀sẹ̀ funfun náà ti dàbí iṣu tí a pa epo sí lára.

“Kí ni ẹ wá ṣe níbí gan-an?” ni Aníwúrà bi í.

“Mo wá wò ó bóyá ilẹ̀ yìí ti sàn.”

Aníwúrà bojú wo bàtà tí kò jáde. “Ṣé ó ti sàn?”

Ó yẹ kí a sọ bí ihò náà ti ṣe débẹ̀. Lucas Àríyọ̀, baba Aníwúrà, ni ó ni ilẹ̀ náà. Àgbẹ̀ àti olóko ọ̀pẹ ni, ó sì jẹ́ alàgbà nínú ìjọ Aládùúrà. Nígbà tí kọ́ńpìnnì kan tí ń la ọ̀nà wá sí Òde-Ayé ní ọdún 1964 láti wa yangí, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí ó má gbà, ó sì gbà, nítorí ó ń fẹ́ kí ọ̀nà dé ìlú. Ọ̀nà dé lóòótọ́. Katapílà lọ, ihò pupa kan tí ó gbòòrò ju ọjà lọ sì kù sí ibi tí oko iṣu wà rí. Láti ìgbà náà, kò sí ìpàdé ẹbí tí wọn kì í ti rán an létí pé òun ni ó fi ikùn ilẹ̀ tọrẹ fún àlejò.

Nínú àdéhùn, kọ́ńpìnnì náà gbọ́dọ̀ tẹ́ ihò náà pẹrẹsẹ, kí wọ́n gbin nǹkan sí i, kí wọ́n sì dá a padà nígbà tí ó bá ti sàn. Wọ́n ti kó ilẹ̀ dà sí i, wọ́n sì ti gbin koríko. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ àdéhùn náà kò kọ ohun tí a óò fi mọ̀ pé ilẹ̀ ti sàn. Iṣẹ́ tí wọ́n rán Olúsànyà nìyí: kí ó ṣe òṣùwọ̀n tí gbogbo ènìyàn yóò lè fi wò ó, kí wọ́n sì rí ohun kan náà.

Lérè, aṣojú kọ́ńpìnnì náà, kò rí ìdí fún irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin ọlọ́yàyà ni, kò sì ní ìbínú.

“Ọ̀gá Agíríìkì, ṣé ẹ kò rí i bí ó ti tutù yọ̀yọ̀ ni?”

“Nínú oṣù Kẹwàá,” ni Olúsànyà dáhùn, “òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá tutù yọ̀yọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn dé ná.”

Ọ̀nà tí Olúsànyà gbà ń wọn ilẹ̀ rọrùn láti sọ, ó sì ṣòro láti dá ṣe. Ó ní okùn gígùn kan tí ó ta ọgọ́rùn-ún kókó sí. A óò na okùn náà gbọọrọ lórí ilẹ̀, a óò sì wo abẹ́ kókó kọ̀ọ̀kan: bí ewé ààyè ni, a kà á, bí erùpẹ̀ lásán ni, a fò ó. Okùn náà ń fẹ́ ẹni méjì. Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ jáde, Aníwúrà dé bèbè ihò náà pẹ̀lú bàtà kan lọ́wọ́. Ó ti rán àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wá a.

“Kò wọ̀ mọ́,” ni ó wí, “ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá sọnù ní Òde-Ayé, a máa ń dá a padà. Ẹ fún mi ní ìdí okùn yẹn, kí ẹ má baà tún rì.”

Bí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Aníwúrà a máa tẹ̀ lé okùn, a máa pe ohun tí ó rí. Olúsànyà a máa kọ ọ́.

“Ewé. Ewé. Erùpẹ̀. Òkúta. Ewé. Imí ewúrẹ́. Níbo ni kí a kọ ìyẹn sí?”

“N óò kọ ọ́ sí ewé. Ó kàn lọ ìrìn àjò díẹ̀ ni.”

Nígbà tí wọ́n wọn ihò náà tán, ó ní kí wọ́n lọ wọn oko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tí ẹ̀gbọ́n Lucas dá sílẹ̀ kí ó sinmi. Èyí ya Aníwúrà lẹ́nu.

“Kí ni a ń wá lọ sí oko yẹn? Òun kò ṣàìsàn.”

“Ẹni tí kò mọ bí ara líle ti rí, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé aláìsàn ti sàn? Mi ò fẹ́ bi ilẹ̀ yìí ní ohun tí Ọlọ́run kò fún aládùúgbò rẹ̀.”

Nínú ọgọ́rùn-ún kókó, mẹ́rìnlélọ́gọ́rin bọ́ sórí ewé ààyè ní oko tí ń sinmi náà. Olúsànyà pinnu pé àádọ́rin ni ihò yangí gbọ́dọ̀ ní kí ó tó yege. Aníwúrà kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

“Bí ó bá jẹ́ koríko ẹ̀kan nìkan ni ó bo gbogbo rẹ̀ ńkọ́? Àádọ́rin ẹ̀kan, ṣé ẹ óò ní ó ti sàn?”

“Ẹ̀kan a máa di ilẹ̀ mú. Àgbàrá kò lè wọ́ ọ lọ.”

“Àgbẹ̀ kò lè jẹ ẹ́ náà. Bí wọ́n bá dá ilé padà fún yín pẹ̀lú ògiri láìsí ìlẹ̀kùn, ẹ óò wọlé?”

Ọ̀rọ̀ yìí dá àríyànjiyàn sílẹ̀ tí ó gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn méjèèjì kò sì yára láti parí rẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn, wọ́n gbà pé ìdajì ohun tí yóò hù níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí ń hù ní oko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Olúsànyà fi òmíràn kún un: ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ la ẹ̀ẹ̀rùn méjì já láìsí pé ẹnikẹ́ni bomi rin ín tàbí fi ajílẹ̀ kún un. Ilẹ̀ tí a ń fi ọwọ́ bọ́, ó ní, kò tíì dìde.

Nígbà tí ọyẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́, ohun tí ó kù láti wọ̀n ti tán, wọ́n sì ń wọ̀n síbẹ̀.

“Ọ̀gá Agíríìkì,” ni Aníwúrà wí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, “ibí yìí ni a kà ní Ọjọ́bọ̀.”

“Mo fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan ti yí padà.”

“Láti Ọjọ́bọ̀?”

Olúsànyà bẹ̀rẹ̀ sí ká okùn náà, ó ń ká a bọ̀ ní kókó kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dé ọwọ́ ẹni tí ó di ìdí rẹ̀ mú. “Ilẹ̀ kò yí padà,” ni ó wí. “Èmi ni mo yí padà. Aníwúrà, mo fẹ́ kí o jẹ́ ìyàwó mi.”

Aníwúrà kò jọ̀wọ́ okùn náà. Ó wo ilẹ̀, ó wo ojú rẹ̀. “Ẹ óò kọ́kọ́ jẹ ọbẹ̀ Àǹtí Salome ná,” ni ó wí. “Bí ẹ bá là á já, ẹ lè tún un bi mí.”

Àǹtí Salome ni àbúrò baba rẹ̀, olórí àwọn obìnrin aládùúrà ní ìjọ wọn. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, ó gbé púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ ti ìlú wọn, àti ọbẹ̀ marúgbó tí a fi ewé sè ka iwájú ọmọ Ìjẹ̀bú. Ọbẹ̀ náà dúdú bí aró, ó sì korò díẹ̀ lọ́fun ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Salome fa àga sún mọ́ ọn láti wo bí yóò ti gbé e mì.

“Wọ́n ní ẹ̀yin Ìjẹ̀bú, bí kò bá ti sí gààrí, ẹ kò jẹun.”

“Irọ́ ni wọ́n pa mọ́ wa, Mà. A máa ń jẹun. A kàn máa ń fi gààrí jẹ ẹ́ ni.”

Ó jẹ ẹ́ tán, ó sì tún bèèrè òmíràn. Salome bọ́ sí ẹ̀yìn ilé lọ bá Aníwúrà. “Fẹ́ ẹ,” ni ó wí. “Ẹni tí ó lè purọ́ pé ọbẹ̀ yìí dùn lẹ́ẹ̀mejì, ó nífẹ̀ẹ́ rẹ.”

Olúsànyà kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ inú iṣẹ́ rẹ̀. Ó lọ sí Àkúrẹ́ lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Oyèkànmí, ọ̀gá rẹ̀, ó sì sọ fún un pé ọmọ onílẹ̀ ni òun fẹ́ fẹ́. Oyèkànmí ka òṣùwọ̀n náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

“Òṣùwọ̀n tí ó dára,” ni ó wí, “ẹnikẹ́ni ni ó lè fi wọn nǹkan. Èmi fúnra mi ni yóò wá kà á ní ọjọ́ tí ó bá pé. Ìwọ kò gbọdọ̀ fi ọkọ́ tàbí àdá kan ilẹ̀ náà kí ó tó yege. Ó yá, lọ fẹ́ ìyàwó rẹ.”

Kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹbí Olúsànyà wá tọrọ ìyàwó, Lucas Àríyọ̀ gbà wọ́n tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó gbàdúrà lé wọn lórí, ó sì yí ojú sí ọmọkùnrin náà.

“O mọ ohun tí à ń pè ní ọ̀wẹ̀ àna?”

“Mo mọ̀ ọ́n, sà. Àwa náà ń ṣe é. N óò kó àwọn ẹgbẹ́ mi wá, a óò sì kọ ebè fún yín.”

“Ó dára. Inú ihò yangí ni mo fẹ́ kí ebè náà wà. Ní ọjọ́ tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ní ọ̀sẹ̀ náà ni n óò fa ọmọ mi lé ọ lọ́wọ́.”

“Bàbá, ilẹ̀ náà kò tíì yege.”

“Ta ni ó ní kò tíì yege?”

“Èmi ni, sà.”

“Ta ni ó ní ó di ẹ̀ẹ̀rùn méjì?”

“Èmi náà ni.”

“Ǹjẹ́ o rí i pé ọ̀rọ̀ kò sí lọ́wọ́ mi,” ni Lucas wí, ó sì na ọwọ́ sí obì.

Àwọn ẹbí Olúsànyà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Lucas kò ṣàwàdà. Ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé kí gbogbo Òde-Ayé rí ebè iṣu lórí ilẹ̀ náà, kí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì gba ibẹ̀ kọjá lójú ọjọ́. Ó ti sọ ọ́ níwájú ẹbí méjì. Kò sì sí ẹni tí ó tíì rí i kí Lucas Àríyọ̀ yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

“Ìwọ ni o ti ilẹ̀kùn náà mọ́ ara rẹ,” ni Aníwúrà wí fún un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Láti ọjọ́ náà ni kò ti pè é ní “ẹ” mọ́.

“Ìwọ ni o bá mi kan ìdajì rẹ̀. Ta ni ó ń jà nítorí ẹ̀kan?”

“Bí mo bá mọ̀ ni, ǹ bá ti jẹ́ kí o ka ẹ̀kan gẹ́gẹ́ bí iṣu.”

Wọ́n dúró. Ẹ̀ẹ̀rùn kìíní kọjá, òjò dé, òjò lọ. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, Olúsànyà a máa wọ ọkọ̀ bọ́lẹ̀kájà láti Òkìtìpupa wá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Lucas. Òun àti Aníwúrà a sì máa rìn lọ sí bèbè ihò náà, wọn a wò ó láti òkè bí ẹni ń wo ọmọ tí ó sùn. Igi kéékèèké ti ń yọ lórí rẹ̀. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Àwọn obìnrin ìjọ náà pẹ̀lú ń wò ó, àní wọ́n ń wò ó jù. Ní òwúrọ̀ kan nínú oṣù Kìíní ọdún 1971, bí Aníwúrà ti ń gba ẹ̀yìn ìlú lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ó gbọ́ orin ìyìn tí wọ́n ń kọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti inú ihò yangí. Ọyẹ́ ti sọ oko tí ń sinmi di ìyangbẹ. Ihò yangí nìkan ni ó tutù. Nínú rẹ̀ ni ó ti rí àwọn obìnrin tí wọ́n tò ní ìlà, tí wọ́n ru garawa. Àǹtí Salome ni ó ṣíwájú.

“Àǹtí, ẹ káàárọ̀. Kí ni ẹ ń ṣe níbí?”

“Àdúrà ni.”

“Pẹ̀lú garawa?”

“Omi ìyàsímímọ́ ni ó wà nínú rẹ̀. Ṣé àtẹ́lẹwọ́ ni kí n fi bù ú?”

Aníwúrà bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tú ìdí koríko wò. Ihá ni ó rí níbẹ̀, èyíinì ni pàǹtí ẹyìn tí a ti fún epo rẹ̀ tán. Wọ́n ti wọ́n ọn yí ká ìdí koríko, ó ti jẹrà, ó ti di dúdú.

“Èyí náà ńkọ́? Ṣé ìyàsímímọ́ ni?”

“Èyí jẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún àdúrà,” ni Salome wí. “Oṣù Kọkànlá ni a ti bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́run kò ní kí a ká ọwọ́ gbera.”

“Àǹtí, òfin ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ran ilẹ̀ yìí lọ́wọ́.”

“Ta ni ó ń ran ilẹ̀ lọ́wọ́? Ìwọ ni à ń ràn lọ́wọ́. Gbogbo àwọn tí ẹ jọ wà ní ẹgbẹ́ akọrin ni wọ́n ti lọ sílé ọkọ. Máa lọ sẹ́nu iṣẹ́ rẹ, kí o sì pa ẹnu mọ́.”

Aníwúrà lọ sẹ́nu iṣẹ́. Ó mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa: bí ó bá dákẹ́, ilẹ̀ náà yóò yege lóṣù tí ń bọ̀, ìgbéyàwó yóò sì wà ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde. Ó kọ ọ́ sójú pátákó pé méje lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́ta, gbogbo kíláàsì sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé e. Nígbà tí ó rí i, ó nù ún kúrò, ó jókòó. Bí ilé-ẹ̀kọ́ ti jáde, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Òkìtìpupa.

Olúsànyà wà níwájú ọ́fíìsì, ó ń fi oúnjẹ fún àwọn adìyẹ ìjọba.

“Koríko ihò yangí yóò yege,” ni Aníwúrà wí.

“Ọ̀gá kò tíì kà á.”

“Yóò yege. Àǹtí Salome àti ìjọ rẹ̀ ti ń bomi rin ín láti oṣù Kọkànlá. Wọ́n tún ń fi ihá sí i.”

 Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n Olúsànyà, ó rín in títí àwọn adìyẹ fi tú ká, ó sì dá a dúró lójijì.

“Ǹjẹ́ o mọ ohun tí o sọ fún mi yìí?”

“Mo mọ̀. Mo ti fi ọdún kan kún un fún ara mi.”

“Fún àwa méjèèjì.” Ó gbé abọ́ oúnjẹ adìyẹ sílẹ̀. “O lè dákẹ́, olólùfẹ́ mi. N kì bá tí mọ̀ láé.”

“Mo dán an wò. Ó dùn mọ́ mi títí di ọ̀sán.”

Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú níbẹ̀, níwájú akọ̀wé àti àwọn adìyẹ, kò sì tètè jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ní oṣù Kejì, Ọ̀gbẹ́ni Oyèkànmí dé láti Àkúrẹ́. Lucas wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Lérè wà níbẹ̀, ìjọ Aládùúrà sì kún bèbè ihò náà bí ẹni pé ìsọjí ni. Oyèkànmí na okùn, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń kà. Nígbà tí ó nà ró, ó kéde pé kókó mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni ó bọ́ sórí ewé. Àwọn obìnrin bú sí orin. Lérè na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tí ń gba àlejò.

Olúsànyà bọ́ síwájú. “Ọ̀gá, ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ti bomi rin ín, wọ́n sì ti fi ajílẹ̀ sí i.”

“Ta ni ó ṣe é?” ni Oyèkànmí bèèrè.

“Àwa ni,” ni Salome dáhùn, orí rẹ̀ sì wú. “Ẹ wò ó bí ó ti dára tó.”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, Oyèkànmí pẹ̀lú sì rẹ́rìn-ín kí ó tó fagi lé iye náà. A óò tún un kà lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn, ó ní, láìsí àdúrà olómi. Ẹni kan ṣoṣo tí kò rẹ́rìn-ín ni Lucas.

Nígbà náà ni Lérè fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n kò rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Bàbá, ẹ̀yin ni onílẹ̀. Ó wà nínú àdéhùn pé bí onílẹ̀ fúnra rẹ̀ bá gba ilẹ̀ bí ó ti rí, kò sí ẹni tí ó tún ní kí a wọ̀n ọ́n mọ́. Ẹ gbà á lónìí. Àwa yóò kó ẹrù wa lọ, ẹ̀yin yóò kọ ebè yín, ìyàwó yóò lọ sílé ọkọ. Kò sí ẹni tí yóò pàdánù.”

Lucas bojú wo Olúsànyà. “Ìwọ, kí ni o wí?”

“Bàbá, bí ó bá jẹ́ ọmọ yín ni ẹ ń bèèrè, ẹ mọ ohun tí mo fẹ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni ẹ ń bi mí, ohun tí mo fẹ́ kò sì gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Ilẹ̀ náà kò tíì dá dúró.”

Lucas ní kí Lérè fún òun di ọjọ́ Ìsinmi. Ní ìrọ̀lẹ́, ó pe Aníwúrà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Àǹtí rẹ ní ìwọ ni o tú wọn fó.”

“Èmi ni, Bàbá.”

“Kí ni o rí jẹ níbẹ̀?”

Aníwúrà kúnlẹ̀. “Bàbá, bí ẹ bá gbà á lónìí, ebè yóò wà níbẹ̀ ní Àjíǹde, gbogbo ìlú yóò sì rí i. Bí òjò oṣù Kẹfà bá dé, erùpẹ̀ tí kò ní gbòǹgbò yóò bá àgbàrá lọ pẹ̀lú iṣu yín. Kọ́ńpìnnì yóò ti lọ nígbà náà. Ihò náà ni wọn yóò tún máa fi bú yín, kò sì ní í sí ẹni tí a óò mú mọ́.”

“Ìwọ ńkọ́?”

“N óò dúró.”

“Ọdún kan mìíràn?”

“Bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀.”

“Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́ báyìí?”

“Ẹ̀yin ni ẹ bí mi, Bàbá. Ẹ má bi mí níbi tí Àǹtí Salome ti lè gbọ́.”

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Lucas, ó sì dá a dúró. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n rí i ní oko ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ń sinmi, níbi tí ó ti ń fi ọ̀pá túlẹ̀ wò. Wọ́n rí i nínú ihò yangí, ó ṣe bákan náà. Ohun tí ó ń gbọ́ lọ́kàn rẹ̀ ni ohùn ọmọ tí ó ní òun yóò dúró. Ní ọdún méje sẹ́yìn, òun kò dúró. Kò tilẹ̀ bi kọ́ńpìnnì bí wọn yóò ti tún ilẹ̀ ṣe. Nísinsìnyí, àwọn ọmọ méjì kan ni wọ́n ń fi ọdún ara wọn san án, òun sì ni ó so ó mọ́ wọn lọ́rùn, nítorí kí àwọn ẹ̀gbọ́n òun lè rí ebè.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ó pe gbogbo wọn jọ sí iwájú ilé rẹ̀: Lérè, Olúsànyà, Aníwúrà, Salome, àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì. Kò jókòó.

“Lérè,” ni ó wí, “mi ò gba ilẹ̀ náà. Ó kù díẹ̀ fún un. Kí ẹ padà wá dí ojú àgbàrá tí ó wà ní apá ìsàlẹ̀, kí ẹ sì dúró de òṣùwọ̀n bí gbogbo wa ti ń dúró.”

Lérè tẹ́wọ́ gbà á. Ó ní òun ti rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

“Salome, láti òní lọ, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni kí omi ìyàsímímọ́ máa gbé.”

“Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi.”

Lucas wo àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì wo Olúsànyà. “Mo ní inú ihò yangí ni ọ̀wẹ̀ mi yóò wà. Èmi ni mo sọ ọ́, èmi náà ni mo sì mú un kúrò. Ìbáwí ìdí ilẹ̀ yẹn, tèmi ni. Mi ò ní í fi gbé ọmọ mi jókòó sílé. Mo ní oko iṣu ní ọ̀nà Òsòòrò. Ọmọ Ìjẹ̀bú, kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ wá síbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, kí ẹ kọ ebè. Ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde, Aníwúrà yóò bá ọ lọ. Ní ti ilẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kí ó sàn nígbà tí ó bá sàn.”